Pákó já mọ́ àlejò lẹ́sẹ̀ létíkun aládàáni wa, ṣé orí mi ni gbogbo ẹ̀ máa dà lé?

Ọmọ_Etíkun

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti gba oorun lójú mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó lọ fowó lọ́yà ṣòfò. Bàbá wa fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi létí òkun, kò tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn ẹ̀ mọ́, bàbá sì fọwọ́ ara wọn kan afárá pákó kan tó wọnú omi lọ, níbi tí ọkọ̀ kékeré lè so mọ́. Nígbà tí wọ́n wà láyé kò sẹ́ni tó ń san nǹkan kan, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló ń wá. Ìgbà tó bọ́ sọ́wọ́ àwa méjèèjì la ní ká máa gba owó ìwọlé díẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, a ra àga, a ra agboòrùn ńlá, a gba ọmọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ tó tún ń já tíkẹ́ẹ̀tì.

Sátidé tó lọ lọ́hùn-ún, obìnrin kan bá àwọn ẹbí ẹ̀ wá, ó fẹ́ ya fọ́tò oòrùn tó ń wọ̀, ló bá rìn lọ sórí afárá, pákó kan já lábẹ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ kan sì wọlé títí dé orúnkún. Igbe yẹn, gééètì ni mo wà tí mo ti gbọ́ ọ. Nígbà tí a máa fà á jáde, awọ ojúgun ẹ̀ ti bó láti ìsàlẹ̀ dókè, ọrùn-ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ti yí síbi tí kò yẹ kó yí sí. A gbé e lọ sọ́sípítù, èmi ni mo san owó ẹ́síréè, wọ́n ní eegun kán síbi méjì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo lọ kí i nílé lẹ́ẹ̀mejì, ó ń bá mi rẹ́rìn-ín, èmi rò pé ó ti parí. Àfi bí lẹ́tà lọ́yà ṣe dé ní Mọ́ńdè, wọ́n ní ká san owó ìtọ́jú, owó iṣẹ́ tí kò lè ṣe fún oṣù mẹ́ta, àti owó ìrora.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. A ní sáìnbọ́ọ̀dù gàdàgbà ní gééètì tí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá wọlé, ewu ọrùn ara ẹ̀ ni, a ò ní san kọ́bọ̀ fún ìfarapa èyíkéyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì, ṣé ìyẹn ò gbà wá sílẹ̀ ni? Àbúrò mi tún ní ká tètè yọ pákó yẹn ká jó o níná ká kan tuntun síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé tí a bá tún un ṣe báyìí, a ti fẹnu ara wa jẹ́wọ́ pé a jẹ̀bi nìyẹn. Àti òkun gan-an fúnra ẹ̀, tí ẹnì kan bá wẹ̀ tó sì rì lọ́la ńkọ́, ṣé èmi náà ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.

Àtẹ́lẹwọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi lẹ́tà dẹ́rù bà yín jàre. Àgbàlagbà ló gun afárá pákó létí òkun, omi iyọ̀ ń lù ú lójoojúmọ́ ayé, ṣé kò mọ̀ pé pákó máa ń jẹrà ni? Ó ń wo fóònù, kò wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ó ka sáìnbọ́ọ̀dù, ó san owó, ó wọlé, ó ti gbà nìyẹn. Ayé òde òní, ẹni tó bá ti ṣubú ṣáà ń wá ẹni tó máa sanwó. Ẹ má dá wọn lóhùn, á rẹ̀ wọ́n.

Agbẹjọ́rò_Kékeré

Àtẹ́lẹwọ́, ìmọ̀ràn "ẹ má dá wọn lóhùn" yìí ti ta ilé ọ̀pọ̀ èèyàn o. Ọmọ_Etíkun, ẹ kú ọ̀ràn, ẹ pẹ̀lẹ́. Lọ́yà ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni lọ́yà yín, òfin ilẹ̀ kan sì yàtọ̀ sí ti òmíràn, bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí níbi púpọ̀ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá níbi tí òfin wọn ti ara ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ. Ẹ ṣì máa rí lọ́yà tó wà nítòsí yín, owó yẹn ò ní ṣòfò bí ẹ ṣe rò ó.

Sáìnbọ́ọ̀dù ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ torí òun ni gbogbo onílẹ̀ gbójú lé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 1977, Unfair Contract Terms Act, láti 2015 ni Consumer Rights Act sì ti gba ipò ẹ̀ fún àwọn oníbàárà, ohun tí méjèèjì sọ ni pé ẹni tó ń ṣòwò ò lè fi ìwé tàbí sáìnbọ́ọ̀dù yẹra fún ikú tàbí ìfarapa tó bá ti ọwọ́ àìbìkítà tiẹ̀ wá. Kò sí "àyàfi" níbẹ̀. Ẹ̀yin sì ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì, òwò lẹ̀ ń ṣe yẹn. Láwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ìwé tí àlejò fọwọ́ ara ẹ̀ sí lè gba onílẹ̀ sílẹ̀ nígbà míì, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kì í yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, hmm, mi ò ní fọkàn tán an.

Sáìnbọ́ọ̀dù wúlò o, ẹ má ṣì mí gbọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń sọ nǹkan pàtó ló wúlò. Òfin tó dá lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Occupiers' Liability Act ti 1957, sọ pé ẹni tí ibì kan wà lábẹ́ àkóso ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìtọ́jú tó bọ́gbọ́n mu kí àlejò má baà farapa níbi ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á láàyè láti wọlé. Òfin náà tún ní kìlọ̀kìlọ̀ nìkan ò tó, àfi tó bá jẹ́ irú èyí tí àlejò á gbọ́ tó sì lè fi gba ara ẹ̀ là. "Ewu ọrùn ara ẹ ni" kò sọ fún obìnrin yẹn pé pákó kẹwàá ló ti jẹrà. Tí ẹ bá ta okùn dí ẹnu afárá, tí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "afárá yìí ti bàjẹ́, ẹ má gùn ún", tó wá fo okùn kọjá, ẹjọ́ mìíràn là bá máa sọ báyìí.

Àtẹ́lẹwọ́ ní ó gbà nígbà tó sanwó. Kí èèyàn gba ewu kan, ó gbọ́dọ̀ mọ ewu náà ná. Ó gbà pé omi lè tutù, pé iyanrìn lè gbóná, pé òkúta tí ewé omi bò lè yọ̀. Kódà ẹjọ́ kan wà ní 1995, Staples v West Dorset, ọkùnrin kan yọ̀ ṣubú lórí ògiri òkúta tó wọ inú òkun ní Lyme Regis, ewé omi ló bò ó, kọ́ọ̀tù ní ìjọba ìbílẹ̀ ò jẹ̀bi torí pé gbogbo ẹni tó lójú ló rí i pé ibẹ̀ ń yọ̀. Ṣùgbọ́n pákó tó dán lókè tó sì ti di ìyẹ̀fun nísàlẹ̀, ojú àlejò ò ríbẹ̀. Ojú tiyín ló yẹ kó ríbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ìwọlé náà tún rèé. Òfin wà ní Kalifóníà, Civil Code 846, tó gba onílẹ̀ tó jẹ́ kí àwọn èèyàn wá gbafẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sílẹ̀, kò di dandan kó máa ṣàyẹ̀wò gbogbo ilẹ̀ ẹ̀ nítorí wọn. Ṣùgbọ́n tó bá gba owó, tàbí tó fẹnu ara ẹ̀ pè wọ́n, tàbí tó mọ ewu tó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́, ààbò yẹn ò sí mọ́. Nítorí náà nígbà tí bàbá yín ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ wọn fúyẹ́ ju tiyín lọ láwọn ibì kan. Ọjọ́ tí ẹ já tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ẹ ti bọ́ sórí ìjókòó mìíràn.

Àtúnṣe. Ẹ tún un ṣe! Ẹ dí ibẹ̀ lónìí, kí ẹlòmíràn má tún jìn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó má fi iná kan ohunkóhun o, ẹ̀rí ni pákó yẹn, ẹni tó bá jó ẹ̀rí lẹ́yìn tí lẹ́tà lọ́yà ti dé, adájọ́ á máa fi ojú olè wò ó títí ẹjọ́ á fi parí. Ẹ ya fọ́tò, ẹ wọn ihò náà, ẹ wé pákó náà sínú nǹkan, ẹ gbé e síbi gbígbẹ. Ní ti pé àtúnṣe dà bí ìjẹ́wọ́, àwọn tó ń ṣòfin ti ro ìyẹn, ní kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà òfin ẹ̀rí 407 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi àtúnṣe tí èèyàn ṣe lẹ́yìn ìjàǹbá dá a lẹ́bi, torí tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní tún nǹkan ṣe mọ́.

Ṣé ẹ ní ìnṣọ́ránsì? Tí ẹ bá ní, lónìí náà ni kí ẹ pè wọ́n, kí ẹ má sì kọ lẹ́tà kankan padà kí wọ́n tó rí i. Ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì ló ní tí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó sọ, tàbí tí ẹ fúnra yín gba ẹ̀bi láìsọ fún wọn, wọ́n lè kọ̀.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí èmi tó ti wà ní òdìkejì sọ tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sùn sórí àga létíkun aládàáni kan (mi ò ní dárúkọ wọn), afẹ́fẹ́ kan fẹ́, agboòrùn ńlá kan tó wà lókè ọ̀dọ̀ wa fà tu, ó ń yí bọ̀ bíi táyà, irin ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló gbá mi léjìká. Ẹ ò lè mọ bí nǹkan yẹn ṣe ń sáré tó, mo kàn gbọ́ "fìì" ni. Wọ́n kàn ti irin ẹ̀ bọ inú iyanrìn níwọ̀n ọwọ́ kan péré ni, kò sí ohun tó wúwo nísàlẹ̀ ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ wọn kan sì ti sọ lójú mi ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn pé afẹ́fẹ́ òní le.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ọmọ_Etíkun mọ̀ ni pé mi ò lérò láti pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sẹ́ni tó gbé e, nígbà tí wọ́n máa gbé e wọ́n ní kí n lọ ka ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì mi. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Níkẹyìn ìnṣọ́ránsì wọn san, ṣùgbọ́n wọ́n yọ díẹ̀ kúrò torí wọ́n ní èmi náà rí i pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́, wọ́n sì ti ní ká sún kúrò ní ìlà yẹn, mo ní rárá, ibẹ̀ ló ní ìbòòji. Mo bínú nígbà yẹn, àmọ́ tí n bá sọ òótọ́, wọ́n sọ fún mi lóòótọ́.

Nítorí náà ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe lọ kí i yẹn dáa. Ẹ má dáwọ́ ìyẹn dúró torí lẹ́tà dé. Lọ́yà lè ní kí ẹ má sọ̀rọ̀ ẹjọ́, kò ní kí ẹ má béèrè ẹsẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Kékeré

Ìyá_Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an. Yíyọ tí wọ́n yọ yẹn, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì òfin 1945 ló dá a sílẹ̀: tí ẹni tó farapa bá ní ọwọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀, adájọ́ á gé owó gbà-máà-bínú ẹ̀ kù ní ìwọ̀n tó yẹ, kò ní lé e lọ lọ́wọ́ òfo. Fóònù tí Àtẹ́lẹwọ́ ń pariwo ẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ló lè wúlò sí, ṣùgbọ́n kò tó láti pa ẹjọ́ náà. Ẹ má sì rò pé tí oṣù díẹ̀ bá kọjá ó ti parí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọdún 3 ló ní láti pẹjọ́ fún ìfarapa, ní Kalifóníà ọdún 2.

Ìgbì_Keje

Mo ti ṣe láífùgáàdì fún ọdún mọ́kànlá, ẹsẹ̀ ni ò jẹ́ n máa ṣe é lọ. Ìbéèrè nípa òkun ni mo fẹ́ dáhùn torí gbogbo yín ti fò ó.

Òkun kì í ṣe tiyín. Níbi púpọ̀ ilẹ̀ onílẹ̀ parí síbi tí omi máa ń dé tó bá kún, láti ibẹ̀ wọ inú omi lọ jẹ́ ti ìjọba, bó ṣe rí ní Kalifóníà nìyẹn, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti Adé, ìyẹn ọba ilẹ̀ wọn. Torí ẹ̀ làwọn onílẹ̀ kan ṣe máa ń sọ pé "èmi ò ni omi, ẹ lọ bá ìjọba". Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kan afárá sínú omi, ẹ̀yin lẹ to àga kí wọ́n kọjú sí i, ẹ̀yin lẹ gba owó, ṣé ẹ rò pé iyanrìn nìkan ni wọ́n torí ẹ̀ sanwó ni?

Ohun tó ń pa èèyàn jù létíkun kì í ṣe ìgbì ńlá, ìṣàn tó ń padà sẹ́yìn ni. Omi tí ìgbì gbé wá sétí gbọ́dọ̀ wá ibi gbà padà, ó máa ń rí ọ̀nà tóóró kan láàárín òkìtì iyanrìn abẹ́ omi, gbogbo ẹ̀ á wá fi agbára gba ibẹ̀. Tí ẹ bá dúró lókè ẹ máa rí i: ìgbì ń fọ́ lápá ọ̀tún, ó ń fọ́ lápá òsì, àárín pa rọ́rọ́, àwọ̀ ẹ̀ dúdú díẹ̀. Ibi tó pa rọ́rọ́ yẹn làlejò máa kó ọmọ ẹ̀ lọ, torí ojú ẹ̀ sọ fún un pé ibẹ̀ ló rọ̀ jù. Kì í fa èèyàn sísàlẹ̀ o, ó kàn ń gbé e lọ ni, ẹni náà á kọjú sí etí omi á máa bá a jà títí agbára á fi tán. Kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ni, kó bá etíkun lọ gbọọrọ títí á fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tí kò bá lágbára kó léfòó kó na ọwọ́ sókè. Mo ti fa èèyàn tó ju ogún lọ jáde nínú ẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé nǹkan náà wà kó tó wọ omi.

Nítorí náà tí ẹ bá mọ̀ pé ó wà níwájú ilẹ̀ yín (ẹ sì mọ̀, ibẹ̀ la bí yín sí), ẹ sọ fún wọn. Ẹ kọ ọ́, ẹ ya àwòrán ẹ̀ síbẹ̀, kí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fi ẹnu sọ ọ́. Ìkìlọ̀ kan tún rèé: tí ẹ ò bá ní láífùgáàdì, ẹ má ta àsíá pupa-òun-òféèfèé láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́, níbi púpọ̀ láyé ohun tí àsíá yẹn ń sọ ni pé láífùgáàdì ń ṣọ́ ibí, ẹ wẹ̀ láàárín àsíá méjèèjì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ta á torí pé ó rẹwà lójú fọ́tò. Ẹ̀jẹ̀ mi hó.

Agbẹjọ́rò_Kékeré

Ìgbì_Keje ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ẹjọ́ méjì ni kí n fi kún un, ẹ fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wò.

Tomlinson v Congleton, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1995, ọmọ ọdún 18 kan bẹ́ orí sínú adágún kan tó ní iyanrìn létí bíi ti òkun, omi ò jìn, orí ẹ̀ gbá ilẹ̀, ọrùn ẹ̀ ṣẹ́, apá àti ẹsẹ̀ rọ. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má lúwẹ̀ẹ́. Kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn dá a láre díẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2003, House of Lords, òun ló ga jù nígbà yẹn, ní rárá, omi ò ṣe nǹkan kan tí omi kì í ṣe, kò sí ewu tó fara pamọ́, àgbàlagbà tó bẹ́ orí sínú omi tí kò mọ bó ṣe jìn tó ló fúnra ẹ̀ yan ewu náà. Wọ́n tún ní kò bọ́gbọ́n mu kí wọ́n ti etí omi pa mọ́ gbogbo àwọn tó ń gbafẹ́ níbẹ̀ jẹ́jẹ́ nítorí ẹnì kan.

Ẹ wá wo Breaux v. City of Miami Beach, Flọ́rídà, 2005. Èèyàn méjì bá ìṣàn tí Ìgbì_Keje ń sọ yẹn lọ. Ìlú náà ní òkun ni, Ọlọ́run ló dá a. Kọ́ọ̀tù àgbà ìpínlẹ̀ náà ní ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn ń wẹ̀ níbẹ̀, ẹ ṣe ibẹ̀ bí ibi ìwẹ̀, ewu tí ẹ mọ̀ tí àwọn ò mọ̀, ó di dandan kí ẹ kìlọ̀ ẹ̀. Ìjọba ìlú nìyẹn o, kì í ṣe aládàáni, òfin méjì tó yàtọ̀ síra tún ni, ṣùgbọ́n ẹ rí ohun tó pín wọn níyà? Èkíní, àlejò ń rí i. Èkejì, onílé nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Fún ìdí yìí, Ọmọ_Etíkun, ìbéèrè kan péré ni lọ́yà obìnrin yẹn máa bi yín, mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín kí wọ́n tó bi yín: ṣé ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ yín mọ̀ nípa pákó yẹn kó tó já?

Ọmọ_Etíkun

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbéèrè tí Agbẹjọ́rò bi yẹn ni mi ò fẹ́ dáhùn ní gbangba, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Mo pe ọmọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lálẹ́ àná. Mo bi í, ó dákẹ́. Mo tún bi í, ló bá ní "bọ̀dá, mo sọ fún bọ̀dá kékeré". Ní bí ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú, ó ń gbá orí afárá, ó tẹ pákó yẹn, ó ń jó lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó sì gbọ́ ohùn kan bíi pé ohun tó ti gbẹ ń fọ́. Ó fi WhatsApp ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Àbúrò mi ní "ok, á máa rí sí i". Mo rí mẹ́sééjì náà pẹ̀lú ojú mi, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú déètì.

Ọmọ yẹn gbìyànjú ṣá o. Ó mú korobá pupa kan, ó dojú ẹ̀ dé sórí pákó náà kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni korobá yẹn wà níbẹ̀. Ní Sátidé yẹn gan-an, ẹ gbọ́ o, ọmọ obìnrin náà, ọmọ bí ọdún mẹ́fà, ló gbé korobá náà lọ, ó fi ń kó iyanrìn kọ́lé. Mo rí i nínú fọ́tò tí wọ́n fi sínú lẹ́tà, ọmọ náà jókòó, ilé iyanrìn níwájú ẹ̀, korobá pupa wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn tí ìyá ẹ̀ jìn síbẹ̀.

Ṣé ti pé ọmọ tiwọn ló gbé ìkìlọ̀ wa kúrò ò ràn wá lọ́wọ́ ni?

Àtẹ́lẹwọ́

Haa. Mo gba ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ padà. Korobá yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Kékeré

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ má pa mẹ́sééjì yẹn rẹ́, ẹ sọ fún àbúrò yín náà kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò ràn yín lọ́wọ́ bí ẹ ṣe rò. Òfin 1957 tí mo ń sọ yẹn kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé onílé gbọ́dọ̀ retí pé ọmọdé ò ní ṣọ́ra tó àgbà. Korobá létí òkun! Kí ni ọmọdé máa rí tí kò ní gbé e? Tí ìkìlọ̀ bá jẹ́ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè gbé lọ fi ṣeré, kò tíì di ìkìlọ̀. Àti pé àjèjì tó bá rí korobá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ṣé á mọ̀ pé "má tẹ ibí" ló ń sọ ni? Wọ́n lè ní ó yẹ kí ìyá mójú tó ọmọ ẹ̀, lóòótọ́ kọ́ọ̀tù máa ń ka ìyẹn sí nígbà tí ọmọ fúnra ẹ̀ bá farapa, ṣùgbọ́n ìyá ló farapa níbí, mi ò sì rò pé ẹnì kan máa bá a wí torí pé ọmọ ẹ̀ gbé korobá.

Èyí tó wúwo níbẹ̀ ni pé ẹ mọ̀. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ yín mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tó tún wá fi jíṣẹ́ fún ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n yẹn. Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń fi kọ́ wa níléèwé lórí èyí ni Rowland v. Christian, Kalifóníà, 1968. Obìnrin kan gba ọkùnrin kan lálejò, ọwọ́ ẹ̀rọ omi tó wà ní bálùwẹ̀ ẹ̀ ti sán, ó mọ̀, kódà ó ti sọ fún àwọn tó ni ilé ní bí oṣù kan sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sọ fún àlejò. Ó fọ́ mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó gé iṣan ẹ̀. Kọ́ọ̀tù àgbà ní ẹni tó mọ ewu tó fara pamọ́ tó sì rí i pé àlejò fẹ́ fọwọ́ kàn án, tí kò kìlọ̀ tí kò sì tún un ṣe, ẹjọ́ lè jẹ́ tiẹ̀. Ẹ fi pákó rọ́pò ọwọ́ ẹ̀rọ omi, ẹjọ́ yín nìyẹn.

Torí náà, ká sọ pé èmi ni lọ́yà yín, mi ò ní gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Kí lọ́yà yín àti ìnṣọ́ránsì jọ bá wọn jókòó, ẹ ka gbogbo iye tí wọ́n kọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ìtọ́jú, ẹ gbà á. Oṣù mẹ́ta iṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n mú ìwé dókítà àti ìwé owó oṣù wá. Owó ìrora ni wọ́n ti máa ń sọ iye tó ga kí ẹ lè bẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti ẹ̀bi sórí ọmọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì o. Òun nìkan ló ṣe nǹkan kan níbẹ̀.

Ọmọ_Etíkun

Ẹ má ṣèyọnu, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Àbúrò mi sunkún lórí fóònù, mo ní ṣé èmi tí mo wà ní gééètì lójoojúmọ́ tí mi ò gun afárá yẹn láti ìgbà tí bàbá ti kú ló máa dá a lẹ́bi. Ìnṣọ́ránsì wà, bàbá ló ti bá wa ṣe é nígbà ayé wọn, a ń san án lọ láì kà á. Mo kà á láàárọ̀ yìí. Wọ́n kọ "ilé gbígbé" síbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ owó ìwọlé níbi kankan. Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní àwọn máa wo ìwé náà àwọn á pè mí padà.

Agbẹjọ́rò_Kékeré

Ah. Ìyẹn le o. Wọ́n lè sọ pé òwò tí ẹ bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún wọn kọ́ làwọn ṣe ìnṣọ́ránsì fún. Ẹ má lọ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́, kí gbogbo ẹ̀ máa wá nínú ìwé, kí ẹ sì mú ìwé náà dání lọ bá lọ́yà lọ́la. Ẹ ti gééètì pa ná.

Ọmọ_Etíkun

Mo ti tì í. Mo ta okùn dí ẹnu afárá, mo kọ ọ́ síbẹ̀ gan-an bí ẹ ṣe ní kí n kọ ọ́. Pákó náà wà nínú tapolíìn ní gáráájì. Nígbà tí mo tú u, mo rí ibi tí ìṣó bàbá ti jẹ ẹ́, inú ẹ̀ rọ̀ bíi kànìnkànìn, mo fi èékánná hó o, ó ń já bọ́. Mo tẹ àwọn pákó yòókù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo di irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú. Mẹ́rin míì ló ń jó.